Òfì Ìyá Àgbà, Abẹ́rẹ́ Ìyàwó Ilé: Níbo Ni Àyè Iṣẹ́ Ọwọ́ Wọ̀ Sí?

Bí a bá pé jọ níbi ìsọmọlórúkọ lóde òní, tí wọ́n sì tú ẹrù ẹ̀bùn tí àwọn àlejò kó wá, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ kí ó tó yọjú. Àgbà obìnrin kan yóò mú súwẹ́tà kékeré jáde nínú ọ̀rá, yóò fi àtàǹpàkò yẹ ojú òwú rẹ̀ wò, yóò sì béèrè pé ọwọ́ ta ni ó hun ún. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé ọjà ni wọ́n ti rà á, yóò rọra dá a padà sínú ọ̀rá, yóò ní ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin ìwòyí kò mọ nǹkan kan mọ́ ju kí wọ́n máa fi tẹ fóònù lọ. Àwọn ìyàwó ilé tí ó wà níbẹ̀ kì í janpata. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ fèsì nínú wọn, ohun kan náà ni yóò sọ: "Ẹ má bínú, Màmá, àyè ni kò sí."

Àgbà kò purọ́, ìyàwó náà kò sì purọ́. Òtítọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ń kú lọ nínú ilé wa. Òtítọ́ sì ni pé obìnrin tí ó jí ní agogo márùn-ún ìdájí, tí ó wọ mọ́tò lọ sí ibi iṣẹ́, tí ó padà bá ìkòkò ọbẹ̀ àti iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mẹ́ta, kò ní agbára àtijókòó hun nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣi ìdí ọ̀rọ̀ náà mú. Ọjọ́ kò kúrú ju bí ó ti wà lọ. Obìnrin tí ó gbé ilé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó pọnmi lódò, ó gúnyán, ó ná ọjà, ó ro ẹ̀gbẹ́ oko, ó bí ọmọ púpọ̀ ju ti òní lọ, síbẹ̀ ó hunṣọ. Nítorí náà, ohun tí ó sọnù nínú ilé kì í ṣe àkókò. Ètò tí ilé ṣe fún iṣẹ́ náà ni ó tú: ohun èlò tí ó dúró de ènìyàn, ọwọ́ kejì tí yóò gba ọmọ, àti gbígbà tí gbogbo ilé gbà pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́, pé kì í ṣe eré.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo òfì tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ń lò. Olóòró ni. Òpó méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi kan dábùú lókè, òmíràn dábùú nísàlẹ̀, a sì ta òwú yí igi méjèèjì po bí òrùka tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní òpin. Obìnrin a jókòó síwájú rẹ̀, a fi ọwọ́ ti òwú ìdábùú kọjá láàárín òwú tí ó nà, a sì fi àpásà, èyí tí í ṣe igi pẹlẹbẹ bí idà, gbá a mọ́lẹ̀ kí ó lè le. Bí aṣọ bá ti ga sókè tí ọwọ́ kò fi ní í tó o dáadáa mọ́, a fa gbogbo rẹ̀ yí lọ, èyí tí a kò tíì hun a sì bọ́ síwájú rẹ̀. Aṣọ tí ó ń ti ibẹ̀ jáde fẹ̀ dáadáa. Méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ tí a rán pọ̀ ti tó ìró. Òun ni à ń pè ní kíjìpá.

Ti ọkùnrin yàtọ̀ sí èyí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó jáde ní 1921, ti ṣàkíyèsí pé tọkùnrin tobìnrin ni ó ń hunṣọ ní ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n pé ọ̀nà wọn kò dọ́gba. Òfì ọkùnrin, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, ní òwú gígùn tí a nà sílẹ̀ lọ jìnnà síwájú ahunṣọ, òkúta ni ó sì di òpin rẹ̀ mú kí ó má baà dẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Aṣọ tínínrín tí kò ju nǹkan bí ọwọ́ kan ní fífẹ̀ ni ó ń mú jáde, òun ni a sì ń rán pọ̀ di ẹtù, sányán àti àlàárì. Ẹni tí ó bá jókòó sí irú òfì bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ó jókòó tì. Kò lè pọn ọmọ, kò sì lè máa dìde lọ ro ọ̀kà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Òfì obìnrin jẹ́ òfì tí a lè fi sílẹ̀. Bí ọmọ bá ké, ìyá a kàn ki àpásà rẹ̀ bọ àárín òwú, a dìde. Kò sí ohun tí yóò tú, kò sí ojú tí yóò já bọ́, kò sí òkúta tí yóò fa ohunkóhun. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò fi kúrò níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ márùn-ún tí í ṣe ọrùn ọjà. Ìgbà tí ó bá padà dé, bí ó ti fi í sílẹ̀ ni yóò bá a. (Ewúrẹ́ nìkan ni ọ̀tá rẹ̀, a sì mọ bí a ti ń lé ewúrẹ́.) Bóyá ẹnì kan jókòó ronú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí ìrírí àwọn ìyá ni ó kọ́ ọ díẹ̀ díẹ̀, ohun èlò yìí bá ìgbésí ayé tí a ń dá lẹ́nu nígbà gbogbo mu. Wọn kò ní kí obìnrin kọ́kọ́ wá àyè kí ó tó hunṣọ. Wọ́n gbé òfì sí ibi tí àyè yóò ti bá a.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe obìnrin kan ṣoṣo ni ó ń dá aṣọ kan hun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọdé a yọ kóró òwú. Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé oko mọ́ a jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìrànwú rẹ̀, a máa ran òwú, a máa kí ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀, ojú rẹ̀ a sì wà lára àwọn ọmọ tí ń ṣeré lágbàlá. Aláró a rẹ òwú náà. Ìgbà tí òwú bá tó dé iwájú òfì, wákàtí kéékèèké àwọn ènìyàn púpọ̀ ni ó ti wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínú iṣẹ́ òwú, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, bí iṣẹ́ náà ti ń lọ gan-an ni.

Ohun tí a sì máa ń gbàgbé jù lọ ni ọwọ́ tí ó gba ọmọ. Nínú agbo ilé àtijọ́, bí ìyàwó bá wà nídìí òfì tí ọmọ sì ń sunkún, ìyá ọkọ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. "Ìyàwó, gbé e wá fún mi jàre, kí o hun ìwọ̀nba yìí tán kí ilẹ̀ tó ṣú." Ìyá ọkọ kì í sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọkàn rẹ̀ rọ̀ ju ti ìyá ọkọ òde òní lọ. Ó mọ̀ pé aṣọ tí ó wà lórí òfì náà ni yóò di owó ọjà, tàbí ìbora òun fúnra rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Èrè iṣẹ́ náà kàn án, nítorí náà ẹkún ọmọ náà kàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Ọmọbìnrin kékeré tí ó ń yọ kóró òwú lè jẹ́ ọmọ tí kò fojú kan sílééti rí. Ilé tí ọwọ́ ti pọ̀ ni ẹnu pẹ̀lú ti pọ̀, òfófó àti owú jíjẹ sì ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àwọn ọmọ tí ì bá jókòó ti ìyá àgbà gbé ìwé wọn, wọ́n gba ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ohun tí ó dára ni. Kò sí onílàákàyè tí yóò ní kí wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á gbà pé láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ kan ti kúrò nídìí iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi ara rẹ̀ pé ọwọ́ wo ni yóò rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tí ó kàwé wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá, wọ́n fi ìyá àgbà sílẹ̀ lábúlé. Ìyàwó di ẹni tí ó dá wà nínú yàrá méjì, pẹ̀lú ọmọ, sítóòfù àti ilẹ̀kùn tí a tì. A wá ń retí pé kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ohun tí agbo ilé kan ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ iyì ni ó kù nípa ti àtijọ́. Òwe kan wà tí ó pe kíjìpá ní aṣọ ọ̀lẹ. Àwọn tí ó ń pa á a máa fi bú aṣọ náà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa yóò rí i pé ìyìn ni ó fara sin síbẹ̀. Kíjìpá kì í gbó bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tí kò lè ṣe wàhálà aṣọ tuntun lọ́dọọdún ni ó bá a mu. Ọ̀lẹ ni ó ń lò ó; ẹni tí ó hun ún kì í ṣe ọ̀lẹ. Orí irú òfì olóòró yìí kan náà ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ti ń hun aṣọ olóńà, aṣọ tí àwọn olóyè àti àwọn àgbà Òṣùgbó fi ń hàn pé àwọn ti dé ipò. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Aṣọ tí ó wà léjìká àgbà ìlú lọ́jọ́ tí ó ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìlú, àárín oúnjẹ òwúrọ̀ àti oúnjẹ alẹ́ ni obìnrin kan ti hun ún nínú ilé. Kò sí ẹni tí ó pe àkókò náà ní àkókò ìfiṣòfò.

Abẹ́rẹ́ gígùn méjì tí a fi ń hun súwẹ́tà kò dàgbà tó òfì láàárín wa. Ó bá àwọn òyìnbó dé ni, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sì ni ó sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ káàkiri, pẹ̀lú aṣọ rírán àti kóróṣéè. Àwọn kan tìtorí èyí sọ pé iṣẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò ní nǹkan kan ṣe ni, pé ẹni tí ó ní ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó ń jókòó hun súwẹ́tà. Àṣìṣe ni. Ní erékùṣù Shetland, ní ìhà àríwá Scotland, àwọn obìnrin tí ó ń ru èédú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń dáná nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn láti pápá wá sílé, wọn a máa hunṣọ bí wọ́n ti ń rìn lọ. Ìgbànú awọ kan wà ní ìbàdí wọn tí ó ní ihò. Inú ihò náà ni wọ́n ń ki ìdí abẹ́rẹ́ kan bọ̀ kí ó má baà mì, wọn a sì máa fi ọwọ́ hun lọ lójú ọ̀nà. Àwòrán wọn wà títí di òní. Owó iyọ̀ àti owó ìyẹ̀fun ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ tí ó ti inú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ jáde kì í ṣe iṣẹ́ afẹ́, àìfararọ ni ó bí i.

Nítorí náà, kò yẹ kí ó ṣòro láti fi í sínú ìgbésí ayé tiwa, bí a bá mọ ìwà rẹ̀. Híhun alábẹ́rẹ́ méjì ní àbùkù kan tí òfì kò ní: gbogbo ojú òwú tí a ń hun lọ́wọ́ ni ó wà láàyè lórí abẹ́rẹ́. Bí ọmọ bá fa abẹ́rẹ́ yọ, ojú ogójì ni yóò tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó gbọ́n kì í dìde láàárín ẹsẹ̀ iṣẹ́. A hun ún dé òpin, a ti gbogbo ojú náà sí ìsàlẹ̀ abẹ́rẹ́, a fi rọ́bà wé orí rẹ̀, a gbé e sókè. Kóróṣéè kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ni, ẹnu rẹ̀ kọ́, ojú kan ṣoṣo ni ó sì ń wà láàyè nínú rẹ̀ nígbàkígbà. Bí a bá fa ojú kan náà gùn díẹ̀, a lè jù ú sínú àpò kí á sì sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìdí nìyí tí kóróṣéè fi bá obìnrin tí ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó mu ju súwẹ́tà lọ, tí súwẹ́tà sì bá ẹni tí ó wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé mu.

Irú iṣẹ́ tí a mú pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ìyá a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà ọkọ, tí ó ní ọ̀ṣọ́ tí a gbọ́dọ̀ máa ka ojú rẹ̀ ní méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Ó ka ogún, ọmọ pè é, ó dé, kò mọ ibi tí ó dúró mọ́. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin irú èyí, ó dì í sínú àpótí, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ti òun. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó nílò ọkàn kan ni ó gbé sí àkókò tí ọkàn pín sí mẹ́rin. Fìlà ọmọ, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ ìnuwọ́, aṣọ pẹlẹbẹ tí a ń hun ní igun mẹ́rin kéékèèké tí a ó rán pọ̀ nígbà tí wọ́n bá tó: àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ tí ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n yìí, ìdajì ọ̀nà ni. Bí a bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbi tí a ti ń kọ́ obìnrin bí yóò ti jí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó nínú ọjọ́ rẹ̀, a ti gbé ẹjọ́ aláre fún ẹlẹ́bi. Ibo ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ti ń wá? Bí a bá wò ó fínnífínní, inú oorun rẹ̀ ni. Obìnrin tí gbogbo ilé ti sùn, tí ó wá ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù hunṣọ ní agogo mọ́kànlá òru nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ, a máa yìn ín pé ó lápọn. Kò yẹ kí á yìn ín. Ó yẹ kí á bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni ó ń ṣe ní agogo mẹ́jọ.

Àwọn ọkùnrin kan yóò fajú ro sí èyí, wọn yóò ní àṣà Yorùbá kò gba kí ọkọ máa gbé ọmọ kí ìyàwó máa hunṣọ. Àṣà wo ni? Ọkùnrin Ìsẹ́yìn tí ó jókòó sí òfì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò bú u rí pé iṣẹ́ obìnrin ni òwú. Láti àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn ọ̀rúndún tí ó kọjá sì ni obìnrin púpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jẹ́ ti ọkùnrin tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi aṣọ òkè jẹun. Ilẹ̀ kò sì tìtorí rẹ̀ yẹ̀. Àṣà tí ó lè yí nígbà tí owó wà níbẹ̀, ó lè yí nígbà tí ọmọ ń sunkún. Ẹni tí ó fẹ́ kí ìyàwó òun mọ iṣẹ́ ọwọ́ bí ìyá òun ti mọ̀ ọ́n, kí ó rántí pé ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ mẹ́fà lẹ́yìn. Nínú ilé oníyàrá méjì, ọwọ́ tí ó kù kò ju ti ọkọ àti ti àwọn ọmọ lọ. Bí Bàbá Délé bá lè sọ pé, "Ìyá Délé, parí ẹsẹ̀ yẹn, èmi ni n ó wẹ ọmọ lónìí," súwẹ́tà kan ti rí ibi gbà bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà náà ní tiwọn láti ṣe. Ìyá ọkọ tí ó wá tọ́jú ọmọ tuntun, tí ó sì mọ híhun, ìṣúra ni ó wọlé. Ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé yóò gba ọmọ kí ìyàwó lè fọ aṣọ. Ó dára. Bí ó bá tún lè gba ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ kí ìyàwó lè kọ́ híhun lọ́wọ́ òun gan-an, oṣù mẹ́ta tí yóò lò nínú ilé náà yóò fi nǹkan sílẹ̀. Nike Okundaye, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé lórí àdìrẹ, tí a bí ní 1951, ọ̀dọ̀ ìyá-ńlá rẹ̀ ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti aṣọ rírẹ. Kò sí ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, kò sì sí pátákó. Ó wà nítòsí ìgbà tí àgbà ń ṣiṣẹ́ ni. Ọmọ tí ó bá ń rí ọwọ́ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ní ojoojúmọ́ yóò mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Ọmọ tí ó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n nìkan ni òun àti àgbà jọ ń wò, kí ni yóò rí kọ́ níbẹ̀?

Èyí mú wa dé ilé ẹ̀kọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bà jẹ́ jù. Àwọn olùkọ́ tí ó bá ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìparí táàmù dé, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ ọwọ́ wá: ìgbálẹ̀, abẹ̀bẹ̀, fìlà híhun, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá lè ṣe. Ìyá, tí kò ní àyè, gba ọjà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó ra fìlà tí ẹlòmíràn hun, ọmọ gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ fún un ní máàkì. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ kọ́ lọ́jọ́ náà kì í ṣe híhun. Ó kọ́ pé máàkì ṣeé rà. Ì bá sàn kí olùkọ́ gba fìlà tí kò parí, tí ojú rẹ̀ wọ́, tí ó sì rí i pé ọmọ náà ni ó hun ún níwájú òun, ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì, tọkùnrin tobìnrin wọn. Òwú díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ ni ìnáwó rẹ̀. Kódà, igi tí a gbẹ́ tí a sì fi yanrìn ha kí ó dán lè ṣe abẹ́rẹ́ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní.

Ó kù ẹni tí yóò sọ pé, "Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, nígbà tí súwẹ́tà ọmọ wà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú?" Ìbéèrè gidi ni, a kò sì gbọdọ̀ fi àṣà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó òwú àti wákàtí tí a fi hun ún ni òun yóò gbà padà lọ́wọ́ oníbàárà, ó lè pàdánù, nítorí ẹ̀rọ kò mọ àárẹ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo ilé máa hun súwẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí kò ti pọn dandan kí gbogbo ilé máa fọ́ ẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń rà gan-an. Èyí tí ẹ̀rọ gé tí ó sì rán, bí ó bá ya, ó ya náà nìyẹn. Èyí tí a fi ọwọ́ hun, bí ọmọ bá ti dàgbà kọjá rẹ̀, a lè wá ìdí òwú rẹ̀, kí á tú u láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí á ká òwú náà, kí á fọ̀ ọ́, kí á sì fi hun òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ. Òwú kan lè wọ ara ọmọ méjì. Wúùlù tí wọ́n ń tà ní ọjà wa, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irun àgùntàn rárá, a máa fara da omi àti ọṣẹ dáadáa. Èrè mìíràn sì wà tí a kò lè fi owó díwọ̀n: obìnrin tí ilé ń jẹ ohun tí ó sè lójú ẹsẹ̀, tí aṣọ tí ó fọ̀ ń dọ̀tí lọ́la, nǹkan kan wà tí ó ṣe tí kò parẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tí ó ti hun nǹkan tán rí mọ ohun tí gbólóhùn yìí ń sọ.

Fún ilé tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, oṣù tí ó yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ ni oṣù kẹfà tàbí oṣù keje, nígbà tí òjò ń sé ènìyàn mọ́lé, nítorí ìparí ọdún ni ọyẹ́ máa ń dé. Kí á wá apẹ̀rẹ̀ kan tí ó ní ìdérí, kí òwú, abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ máa gbé inú rẹ̀, kí apẹ̀rẹ̀ náà sì wà ní pálọ̀, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti lè rí i, níbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré kò tó. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ nínú ilé dá ojú àkọ́kọ́ sórí abẹ́rẹ́. Kí ẹni tí ó bá jókòó, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá, hun ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dìde. Híhun gbọrọ, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ bára mu, ni kí wọ́n lò, nítorí ẹni tí ó bá padà wá kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Kí wọ́n sì hun ún fún ọmọ ọdún méjì, bí ọmọ náà kò bá tilẹ̀ tíì pé ọdún kan. Iṣẹ́ inú ilé yóò dá wọn dúró ju bí wọ́n ti rò lọ, ọmọ kì í sì í dúró de súwẹ́tà. Bí ó bá tún fún un nígbà tí ọyẹ́ dé, ọmọ kékeré kan kò ní í ṣàìwà ní ojúlé kejì.